Wúfà Méjì ní Ìfọ́n

Láti ìgbà tí Rísíkátù ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rewáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìlobù, bàbá rẹ̀, Yésúfù, kò tíì fojú ara rẹ̀ rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ ni Yésúfù. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tó ní iṣẹ́ iná ọkọ̀ lòun fẹ́ kọ́ ní Òṣogbo, ó kọ̀ jálẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, ṣùgbọ́n gbígbà ọ̀hún kò dénú. Báwọn èèyàn bá ń yin ọmọ náà lójú rẹ̀, á kàn ní, "A dúpẹ́," á sì yí ọ̀rọ̀ sí ti ẹ̀gẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1996, Adéjọbí, awakọ̀ kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, gun ọ̀kadà wá sílé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Yésúfù, ó wá kọjú sí Rísíkátù.

"Rísí, Píjò mi ti kú síwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó áńpìlìfáyà tó ń fún ohùn rédíò lágbára àti sípíkà ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní wúfà wá fún mi láti Kútọnu, pé kí n máa fi dá àwọn èrò lára yá. Ẹnì kan bá mi so ó. Bí mo bá ti yí ohùn sókè, iná iwájú ọkọ̀ á ṣe bàìbàì, áńpìlìfáyà á gbóná, á sì dákẹ́ lójijì. Tílẹ̀ bá tún fi máa mọ́, bátìrì á ti kú."

"Mo ti ń bọ̀, Bọ̀dá Adéjọbí," ni Rísíkátù wí, ó sì wọlé lọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Yésúfù tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ṣì gbóná nígbà náà, ara sì ń fu onílé, ó ń fu àlejò.

"Bí wáyà bá jó lọ́wọ́ ẹ níbẹ̀," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "wọn ò ní sọ pé wáyà ló jó. Wọ́n á ní ará Ìlobù ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èmi náà ń bá ẹ lọ."

Báyìí ni Yésúfù ṣe bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní iwájú ilé ìyá Adéjọbí, tó gbé rédíò kékeré tí kì í fi sílẹ̀ lé itan. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà ti pé jọ. Rísíkátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ṣí búùtù. Inú àpótí pákó kan ni wúfà méjèèjì wà, wọ́n fẹ̀ tó àwo ìjẹun.

"Ẹ wo wáyà tí wọ́n fi gbé iná fún un," ó wí fún Adéjọbí. "Wáyà gílóòbù nìyí. Iná tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ ò lè gba ibẹ̀ kọjá."

Ó fa wáyà tó nípọn láti ìdí bátìrì lọ dé búùtù, ó fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì, kí ọkọ̀ má baà gbiná bí wáyà bá ṣèèṣì kan irin. Wáyà áàtì tó yẹ kó kan irin ara ọkọ̀, orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, ó wá dè é padà. Ó tọ́ka sí wáyà tín-ín-rín kan.

"Èyí ló ń jí áńpìlìfáyà. Ìdí bátìrì ni wọ́n so ó mọ́, kì í sùn rárá, gbogbo òru ló fi ń mu iná." Ó so ó mọ́ rédíò ọkọ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa tàn pọ̀, kí wọ́n sì máa kú pọ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n tún so wúfà méjèèjì mọ́ lára áńpìlìfáyà, ẹrù náà wúwo jù fún un. Ó fún kálukú ní ẹnu tirẹ̀.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà, ó jí. Adéjọbí ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó yí ohùn sókè. Iná iwájú ò ṣe bàìbàì, ohùn ò já. Ṣùgbọ́n ohùn tó jáde fúyẹ́, kò sí báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń mi ilẹ̀, níbẹ̀ rárá.

"Ará Ìlobù ti bà á jẹ́ o!" ni ọkùnrin kan ké.

Yésúfù ti ń dìde láti bẹ̀bẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni ń béèrè omi.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ bátìrì kan nínú rédíò yín."

Yésúfù ṣí ẹ̀yìn rédíò, ó yọ ọ̀kan fún un. Rísíkátù pa rédíò ọkọ̀ àti áńpìlìfáyà, ó tú wúfà kúrò, ó fi wáyà kúkúrú méjì gbé iná bátìrì kékeré náà kan ti àkọ́kọ́. Àárín rẹ̀ sún síta, pọ́! Ó fi kan èkejì lọ́nà kan náà. Tìyẹn wọlé lọ. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àmì tó wà lẹ́nu wúfà ni mo tẹ̀ lé, ẹni tó ṣe wọ́n ló sì fi ti ọ̀kan sódì. Bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì ń fà. Ṣe ni wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́."

Ó pààrọ̀ ẹnu wáyà wúfà kejì, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Adéjọbí tan rédíò.

Ilẹ̀ mì. Àwọn adìẹ sá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Báàsì náà gba inú bẹ́ǹṣì wọ Yésúfù lára, ó ń dún nínú àyà rẹ̀ bí ọkàn kejì. Ìyá Adéjọbí pàtẹ́wọ́, ó ń jó jáde nílé. Ọkùnrin tó pariwo lẹ́ẹ̀kan súnmọ́ bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ọmọ yín ni?"

"Ọmọ mi ni," ni Yésúfù wí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ròkè ju bó ti rò lọ. "Rísíkátù lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ìlobù ló wà. Ẹ wá síbẹ̀." Ó tún sọ ọ́ fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún, àti fún obìnrin kan tó kàn ń kọjá lọ, tí kò bi í ní nǹkan kan.

Adéjọbí fúnra rẹ̀ ló gbé wọn padà sílé. Nígbà tí wọ́n wọ Ìlobù, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí Yésúfù tó jókòó sẹ́yìn.

"Kí ló dé tó o fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?" ni Yésúfù bi í. "Fi kún un!"

Rísíkátù bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.