Ìyáálé Onílẹ̀kùn Méjì

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù pé kí n wá wo ohun tó ṣe mọ́tò náà. Ohùn rẹ̀ lọ geere bíi ti ẹni tó ń kàwé. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní màá dé lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ń bá wáyà tí mò ń bó lọ. N ò tíì sunkún láti ọjọ́ tó ti kú. Àwọn èèyàn ní mo láyà. Kì í ṣe àyà níní, kò kàn sí nǹkan kan nínú mi ni.

Rewáyà ni mí. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fi iná ọkọ̀ jẹun, mo sì kórìíra iṣẹ́ wúruwùru. Mọ́tò tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ìje onílẹ̀kùn méjì ni, ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, àmọ́ ariwo rẹ̀ tó ti ìdílé mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti rà á kó tó gbéyàwó, ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pè é ní ìyáálé. Láràárọ̀, á ní òun ń lọ kí ìyáálé òun. Á jókòó sínú rẹ̀, á yí kọ́kọ́rọ́, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ọkọ rẹ̀ tó jáde.

Ó ti ròyìn ọjọ́ náà fún gbogbo wa. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n mi, kò lè mí dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ gbé e sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ò dún. Ó yí i títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kó tó sáré dé títì, kó tó rí ẹni tó máa gbé wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ló ti pàdé mi. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

“Ọkọ mi, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé mọ́tò ló bàjẹ́, àbí èmi ni n ò ṣe é dáadáa?”

Mo ní kó wọlé lọ sinmi, pé màá pè é.

Mo ki síkánà mi bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí nǹkan iná kan bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi kóòdù kan pa mọ́, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin, síkánà á sì kà á jáde. Kò sí kóòdù kankan níbẹ̀. Mo wọn bátìrì, ó pé. Mo tọ wáyà sítátà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí èyí tó já. Ni mo bá jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa á. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì mi kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, mo tún un yí. Kò dún.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi.

Súìṣì kan wà lábẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí awakọ̀ ò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, mọ́tò ò ní dáhùn. Ti mọ́tò yìí ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹnì kan sì ti lọ́ wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ nìkan tan án. Àmọ́ nítorí wáyà lílọ́ yẹn, iná kékeré kan kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ń bí mi nínú. Sátidé tó ṣáájú ikú ẹ̀gbọ́n mi, mo fi súìṣì tuntun síbẹ̀, mo pa kóòdù rẹ́, iná kú. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó di dandan kí wọ́n máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á sọ fún ìyàwó òun. Ìyàwó yìí wà ní kíṣìnnì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. N ò pè é. Ebi ń pa mí, mo fẹ́ máa lọ sílé. Láti ọjọ́ kejì, òtútù dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tan mọ́tò, títí di Ọjọ́rú yẹn.

Bí mo bá ní kò sí ohun tó ṣe mọ́tò, á gbé ẹ̀bi náà dé sàréè. Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, ẹyọ kan ló máa gbọ́ níbẹ̀: pé ká ní ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni, mọ́tò ì bá dún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo mọ̀. Kó máa bọ̀.

Mo yọ súìṣì tuntun náà jù sínú àpò mi, mo lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ bí àwọn oníṣẹ́ wúruwùru ṣe ń ṣe. Iná yẹn tàn padà, kóòdù jáde. Mo pè é.

Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dáhùn. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó pa á, ó bi mí pé kí ni. Mo fi kóòdù hàn án.

“Wáyà tí mo so ní Sátidé ọjọ́sí ni. N ò dè é dáadáa, ó tú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é tán ni.”

“Ẹ̀yin lẹ so ó?”

“Èmi ni.”

“Mo ti ń rò pé èmi ni mo pa á.”

“Ẹ̀yin kọ́.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kó irinṣẹ́ mi, kí n má sì ṣe wá sílé òun mọ́. Mo ní ó dáa. Ó wọlé, mo sì gbọ́ tó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun nígbà tí a ń sìnkú.

Mo palẹ̀ mọ́, mo ti ilẹ̀kùn gáréèjì. Ilé kan ṣoṣo tó kù láyé tí mo ti jẹ́ àbúrò ẹnì kan nìyẹn.