Aṣọ Pupa Orí Òpó

Iṣẹ́ Ọmọ́yẹmí, ọmọ Ṣábẹ̀, ni láti máa ju bàlóònù tí wọ́n fi ń yẹ ojú ọjọ́ wò sókè ní pápá ọkọ̀ òfurufú Parakou. Kí bàlóònù rẹ̀ àti àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké má baà forí gbárí, àdéhùn kan ṣoṣo ló wà: bí aṣọ pupa bá wà lórí òpó, bàlóònù wà lókè, kí ọkọ̀ má balẹ̀, kó má sì gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà ìjọba tí aṣọ pupa jẹ́ àmì rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan dé. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, kò balẹ̀. Ọmọ́yẹmí kò tíì ju bàlóònù kankan lọ́jọ́ náà. Kí ló wá ń dá a dúró? Ìgbà tí ọkọ̀ yí ẹ̀ẹ̀kẹta ni Ọmọ́yẹmí gbójú sókè wo òpó. Àwọn tó ṣe pápá lọ́ṣọ̀ọ́ fún àjọ̀dún ti ta aṣọ pupa síbẹ̀ láti àná.

"Àwọn aláìnírònú," ló wí. Ó ká ìró sókè, ó sáré, ó já aṣọ náà wálẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi balẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọmọ́yẹmí mí kanlẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ọ̀gá tó wá sọ̀rọ̀ àjọ̀dún. Òógùn bò ó. Ó rí aṣọ nílẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló já aṣọ Rẹfolúsíọ̀n?"

"Èmi ni, kámáráàdì. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ balẹ̀."

Awakọ̀ ní, "Òótọ́ ni. Epo wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Ọ̀gá wo aṣọ, ó wo òkè, ó nu ojú.

"Ẹ fi sílẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí, "títí n ó fi padà lọ."