Ẹ̀wù Orogún Àwẹ̀ró

Ìyẹ̀fun ló ń rọ̀ nínú kíṣìnnì. Ó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún, ó ń bà lé ìkòkò, ó ń bà lé àwo, ó ń bà lé èjìká Àwẹ̀ró, bẹ́ẹ̀ ni èjìká náà kò funfun. Kò sí òrùlé. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni. Níbi tí ófùnù àtijọ́ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkọ̀ pupa ló dúró síbẹ̀, ọkọ̀ eré sísá, onílẹ̀kùn méjì, ẹlẹ́nu gígùn. Ó na imú sí agbada omi bí ewúrẹ́ tí òǹgbẹ ń gbẹ.

"Ìwọ náà nìyẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "O gba ọkọ mi, o gba àgbàlá mi, kíṣìnnì ló kù tí o wá gbà."

Orogún ló máa ń pè é. Ọdún kejìdínlógójì rèé tí ọkọ rẹ̀ ti ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó wá ṣe afárá, tó sì ń padà sílé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkùnrin náà á bọ́ agbádá, á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, á ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Á máa sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Orogún tèmi kì í jà, kì í bímọ, ṣùgbọ́n ẹ ò rí bó ṣe ń mu epo!"

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Àwẹ̀ró mọ ikọ́ yẹn.

Bàbá Fọlárìn, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sin ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, yọ sí i nínú síńgílẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, èyí tó lu lábẹ́ abíyá. Pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Ó mú àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ya àpò náà, ó tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ró kẹ̀ẹ́ bó ti máa ń ró. Ó fi ahọ́n kan pẹ́ńsù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó ti máa ń ṣe kó tó gé ohunkóhun láyé.

"Ẹ káàbọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ohùn kan náà tí àwọn ará ojú títì máa ń gbọ́ láti inú ilé bó bá ń pariwo ni o.

"Àwẹ̀ró."

"Mo ń gbọ́."

"Ta ló fi fóòmù bo iná?"

Àwẹ̀ró wolẹ̀. Òun kọ́ ló kúkú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tìmùtìmù tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ló ti gbó. Ó ń já wálẹ̀ ní wómúwómú sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó ń rú èéfín. Tìámíyù mẹkáníìkì sọ ojú abẹ níkòó pé òun ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ kan títì láìsí tìmùtìmù mìíràn, nítorí ooru á bó ọ̀dà orí rẹ̀, iná sì lè sọ. Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, títí bàtà fi há a lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo àwòrán ọkọ̀ náà, ó ní, "Màmá, kí wọ́n tó bí mi ni èyí ti kú." Àwẹ̀ró ní, "Ìwọ gan-an, ta ló sọ fún wa pé o ti wà láàyè?"

Ó padà sílé, ó gbé fóòmù orí ibùsùn rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pe gbogbo ojúlé wá wòran. Ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóòmù fi yọ́, tí ó ń kán tótó, tí èéfín dúdú gba àgbàlá. Níbi tí Tìámíyù ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí i, Àwẹ̀ró sá, ó kọsẹ̀, ó fi ìdí lélẹ̀ sínú agbada ọṣẹ. Wọ́n fa ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yọ bí iṣu tó há sínú ebè. Òun gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Fọlárìn, àkọ́bí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fẹ́ jóná mọ́lé nítorí irin? Bí ọkọ̀ yìí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kó sì padà wá kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, àwọn onírin tó ń ra àlòkù á wá kó o." Ìgbéraga sì mú ìyá àgbà. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà." Ẹnu rẹ̀ ló fi gbà á. Ọ̀la sì ni Sátidé.

"Èmi ni," ló dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. "Fóòmù wa ni. Apá ibi tí ẹ máa ń sùn sí ni mo gé."

Èjìká ọkùnrin náà ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò dún. "O ò wá gé apá tìrẹ?"

"Tèmi ti tẹ́ pẹẹrẹ. Ìdí mi ti jẹ ẹ́ tán."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ń bá àwòrán rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha apá. Ó ha ọrùn. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi ha ẹ̀yìn.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ó ń yún mi. Bá mi fi òrí pa á."

Òrí wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró kó tó wá a, nínú agolo mílíìkì tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fi pa ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe tútù bó ti bẹ̀rù. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín ń dán láàárín irun, bí ìgbà tí ìpẹ́ ẹja bá lẹ̀ mọ́ni lára.

"Bàbá Fọlárìn, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ ni?"

Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi sí i lọ́wọ́. Ó dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ẹ́jẹ́, bó ti máa ń gbá ìdí Àwẹ̀ró nígbà tí àwọn ọmọ ò bá sí nítòsí.

"Ó mà ń yún mi o, Àwẹ̀ró," ló wí. Ìyẹ̀fun rọ̀ kíkankíkan, ó sì bo gbogbo rẹ̀.

Orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jí sí, ní ọ̀sán Jímọ̀, itọ́ ti gbẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí bébà. Ó tú wúyẹ́, àpò ìdí rẹ̀. Ó wá inú ìró, ó gbé ẹní sókè. Kò sí.

Inú bí i. "Ẹ ti ọ̀run wá," ló pariwo sí ògiri, "ẹ ò mú nǹkan kan bọ̀ fún mi ju ara yíyún lọ!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún. Ó dìde, ó ní kí òun fi òrí pa ọwọ́ tó dà bíi pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Orí ófùnù ni agolo òrí wà. Ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà kò gbé agolo mọ́.

Ọdún tí Fọlárìn wọ ilé-ìwé gíga ni ófùnù yìí ń jo ooru. Bàbá Fọlárìn tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òwú kan ló wà láàárín irin inú àti irin ìta, òwú dígí tí kì í ṣe òwú oko, tí iná kò lè jó. Ó tún un tò, ó dé e padà. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ló fi ha ara lórí ibùsùn bí ajá eléèpá, tí Àwẹ̀ró ń fi òrí pa á lẹ́yìn, tó ń bú u, tó ń bú òwú.

"Háà," ni Àwẹ̀ró wí. "Háà! Bàbá Fọlárìn!"

Kò tètè fọwọ́ kàn án. Kéèkì ìgbéyàwó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bí, inú ófùnù yẹn ló ti jáde, pẹ̀lú ti ìdajì àdúgbò. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò ti gbaná mọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lé Fọlárìn tó fẹ́ gbé e dànù kúrò nídìí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ìyálé ni mí," ló sọ fún un. "Ìyálé náà ló máa ń ṣí àpótí rẹ̀ wọ aṣọ fún ìyàwó. Fọwọ́ wọ́nú."

Ó fi ìborùn di imú, ó fi ọ̀rá di ọwọ́ méjèèjì, ó sì tú ẹ̀gbẹ́ ófùnù. Òwú náà wà níbẹ̀ mìnìjọ̀, ó pọ́n díẹ̀, kò sí ibi tó jóná. Ó ya àpò sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ró kẹ̀ẹ́. Ó fi ahọ́n kan pẹ́ńsù.

Nígbà tí Tìámíyù dé, ó bá a níbi tó ti ń fi wáyà rán òwú náà sáàárín fóìlì kéèkì fún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìpele méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wò ó, ó fi ìṣáná sí etí kan. Kò jó.

"Màmá, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ọkọ mi."

"Ọkọ yín tó…"

"Ó wá lọ́sàn-án yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Gbé púláyà yẹn fún mi."

Tìámíyù wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó gbé púláyà.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Fọlárìn mú àwọn onírin wá. Wọ́n bá géètì ní ṣíṣí sílẹ̀, àgbàlá ṣófo. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ títì, ohùn ẹ́ńjìnnì tí àdúgbò ò tíì gbọ́ lójú títì láti oṣù mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ pupa yọ. Tìámíyù di ilẹ̀kùn mú, ó ń gbàdúrà. Àwẹ̀ró ló wà nídìí ọkọ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn, apá kan ń wakọ̀, apá kan ń ha ọrùn.

"Màmá!" ni Fọlárìn wí. "Kí ló ń yún yín báyìí?"

"Bàbá rẹ ni," ló dáhùn, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí àwọn onírin. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò ní padà lọ́wọ́ òfo. Ófùnù kan wà ní kíṣìnnì, mo ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ rọra gbé e, àgbà ni."

Ó yí padà sí ọkọ̀ náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò gbóná. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ẹ̀yìn tó fi òrí pa lánàá.