Aago Tó Gun Òkè

Ẹ gbọ́ ná, inú ń bí Ìyá Mítà débi pé kò rí àga tí olùtajà aago fà fún un. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé, ajá ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àfi àná tí ọ̀gá ẹ̀ dúró lójú gbogbo ọ́fíìsì, tó ní kò gun Òpópónà Òkè rí, pé abẹ́ igi ló máa ń jókòó sí táá máa finú ro nọ́ńbà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò mú ẹ̀rí wá, kó gbé báàgì iṣẹ́ sílẹ̀.

"Èmi! Èmi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti le bíi pátákó!"

Àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó tẹ̀ lé e wá, ti mú ẹ̀gbà ọwọ́ tín-ín-rín kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ máa ṣájì ẹ̀. Aago ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn, tàwọn tó ń sáré ìje ni, ẹ wò ó bó ṣe tóbi bí ọmọrí ìkòkò!"

"Kí ni ọmọrí ìkòkò ń ṣe?"

"Mọ̀mí," olùtajà dáhùn, "ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lókè. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá gbà, ó máa yà á sórí fóònù yín."

Ìyá Mítà so ẹ̀gbà mọ́wọ́, ó dúró sójú kan, ó ń ju apá fìrìfìrì. Kíá, ẹ̀gbà ti ka ogójì ìṣísẹ̀.

"Ṣó o rí i? Kí n gbé èyí lọ bá ọ̀gá, kó ní orí àga ni mo ti rìn ín? Ta ló ní mi ò lẹ́sẹ̀? Ibi tẹ́sẹ̀ dé nìjà wà!"

"Aago yẹn wúwo o," àbúrò ẹ̀ kìlọ̀.

"Irọ́ tí ọ̀gá pa mọ́ mi wúwo jù ú lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé fóònù sórí tábìlì ọ̀gá lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ìlà pupa tí aago yà gun òkè, ó yà sí gẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó tiẹ̀ sá padà nílé alájá.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ó dáa náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló yẹ kó máa so irú ẹ̀."

Ìyá Mítà tú aago lọ́wọ́, ó tì í síwájú ẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ so ó, sà, ká lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa ń gbà lọ tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ bẹ̀ mí. Ojú àwọn èèyàn yìí lẹ ti bú mi."

Ọ̀gá ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ pé kó máà bínú.

"Mi ò gbọ́ o. Ohùn ọjọ́ yẹn dà?"