Ẹ Kú Ojú Lọ́nà

Láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ, "kú ewu" ni tọmọdé tàgbà ń kí sójà tó ń ti ogun bọ̀ náà. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òun náà ń wá ìkíni kan, kò sì rí i. Èdè wa ní kíkí fún ẹni tó jókòó, ó ní fún ẹni tí òjò pa, ṣùgbọ́n èwo la fi ń kí ìyá tí kò tíì mọ̀ pé ọmọ òun ti kú?

Bọ́ǹbù ojú ọ̀nà ló pa Aláròyé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Sójà bẹ ọ̀gá wọn pé kí lẹ́tà ìjọba nípa ikú náà má ṣáájú òun dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà.

Ìyá Aláròyé tẹrí mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Sójà wọlé, ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń kí obìnrin náà láti ọdún méjì ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ojú lọ́nà, Màmá."

Ẹyin lọ̀rọ̀, eléyìí ti balẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ọ̀pá Iná! Ṣé ogun ò rí ọ gé kúrú ni?" Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọrùn sí títì. "Aláròyé dà? Àbí ó ti rí ẹni bá rojọ́ níbùdókọ̀? Ẹnu ọmọ yẹn!" Ó ti fa ṣòkòtò tuntun kan àti téèpù ìwọnṣọ yọ. "Mi ò tíì ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó dé ná, kí n wọ̀n ọ́n. Pè é wọlé, oòrùn ń pa á."

"Màmá, èmi nìkan ni mo dé."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó ṣáà ń wo títì.

"Mo ṣì yín kí ni," sójà wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò mọ èyí tí mo lè kí yín."

Ìyá jókòó. Ó ká ṣòkòtò náà, ó tú u, ó tún un ká.

"Ṣé o wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ́wọ́."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní bí òun bá délé, ẹ ó ti rán ṣòkòtò tó gùn jù fún òun."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá, ó sì di ẹkún kó tó parí. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó di ọwọ́ sójà mú.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ọmọ mi, kú ará fẹ́ra kù."

Kò sẹ́ni tó tíì kí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Aláròyé ti kú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Ẹ ṣé, Màmá," ó dáhùn.