Ẹ̀ka Tó Tẹ̀ sí Òsì

Ọrùn ṣíbí igi náà kán. Agbẹ́gi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Kì í ṣe ṣíbí àkọ́kọ́ tó kán lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ ni òsì ti di ọ̀gá iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì yé ọ̀gá. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún káfíńtà àdúgbò pé kó wá kó irinṣẹ́ òun nírọ̀lẹ́ òní, ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́ sì wà lára wọn. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òun rèé, kò ní òmíràn tó lè fi júwe é.

Kì í la pákó gbẹ́ ṣíbí. Ẹ̀ka tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń wá kiri, nítorí ibi tí ẹ̀ka bá yà sí ni iṣan igi ń bá a yà, ọrùn irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ kì í sì í kán. Á wá fín ẹyẹ tàbí ewé sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bó bá ti fi òsì gbé ṣíbí láti dán an wò, ẹnu ṣíbí á kọjú síbi tí kò yẹ. Á tún máa fá ọrùn rẹ̀ kó lè yí padà, títí á fi gé iṣan náà.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó wo àwọn ẹ̀ka tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ta lẹ ṣa àwọn ẹ̀ka yìí fún?”

“Fún ara mi ni.”

“Ara yín ti ìgbà wo?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣà wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì ṣà wọ́n fún. Ó dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó máa ń da àwọn ẹ̀ka tí kò wù ú sí, ó tú wọn títí ó fi rí ọ̀kan tó tẹ̀ sí òsì. Ó há a mọ́ orúnkún. Ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́, èèpo ń ká jọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú kan lára ẹyẹ tó fín sí i tóbi ju èkejì lọ, bí ẹni ń ṣẹ́jú síni, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni.

Káfíńtà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa kó o?”

“Kọ́kọ́ bá mi ṣẹ́ èyí ná.”

Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì mú ṣíbí náà, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, iṣan yọ níwájú orí rẹ̀. Pàbó ló já sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin lẹ gbẹ́ ni?” Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀. “Ẹ jẹ́ n tètè lọ, kẹ́ ẹ má baà ní kí n tún ṣẹ́ òmíràn.”

Agbẹ́gi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ṣíbí náà lọ sí ilé ìdáná. Ó bá a níbẹ̀, ó ń fi í ro ọbẹ̀.

“Èyí ò dun ọrùn ọwọ́ mi rárá,” ni obìnrin náà wí.

“Ṣé àwọn tó kù máa ń dùn ọ́?”

“Ṣebí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni mò ń lò.”

Ó mọ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ló ti mọ̀. Ó wo àwọn ṣíbí rẹ̀ tó kọ́ sára ògiri, gbogbo wọn ló kọjú síbi tó bá ọwọ́ ọ̀tún mu. Ó fa àpótí mọ́ra, ó jókòó tì í. Lọ́la, òun máa lọ wá ẹ̀ka mìíràn, kò sì ní jẹ́ fún ara òun.