Jẹ́nẹ́rà Kan Lẹ́nu Afárá Onitsha

“Bí ẹja bá sín nísàlẹ̀ Odò Ọya, kí ó tó nu imú, ìròyìn rẹ̀ ti dé etí mi. Èmi ni jẹ́nẹ́rà gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ilẹ̀ yìí. Gbé igi yẹn kúrò lọ́nà!”

Èmi Yẹ̀kínì ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi tí mo ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja. Sájẹ́ǹtì tó ń ṣọ́ ẹnu afárá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbò ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Onitsha, Ìgbò ẹnu mi ti dán débi pé bí mo bá kí adìẹ Ìgbò, adìẹ á jẹ́ mi.

Ẹ má tíì bú mi. Oṣù kẹfà ọdún 1967 ni. Wọ́n ti ya Ìlà-Oòrùn kúrò lára Nàìjíríà, òórùn ogun ti gba afẹ́fẹ́, gbogbo Upper Iweka ló sì ń pariwo pé ọ̀la ni wọn yóò ti afárá pa. Nàfísàt ìyàwó mi ló jókòó sẹ́yìn lọ́rì tó wà lẹ́yìn mi yẹn, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. A ti fi Súlìyát ọmọ wa ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Nàfísàt kò bá rékọjá sí Àsàbá lónìí, àárín ìbọn ni yóò bímọ sí. Sájẹ́ǹtì sì ti ní Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ kọjá láìgba àṣẹ ọ̀gá ológun. Ọ̀gá ológun wo ni mo mọ̀? Mo bá fún ara mi láṣẹ.

“Jẹ́nẹ́rà kẹ̀?” ni sájẹ́ǹtì wí. “Nna, nínú gbogbo ọmọ ogun wa, a ò tíì ní jẹ́nẹ́rà kankan.”

“Ìdí nìyẹn tí o ò fi mọ̀ mí. Àṣírí ni mí.”

Ó họ orí. Àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn ń fun fèrè, àwọn èrò ń ṣépè, òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Lábẹ́ igi máńgòrò kan, ọkùnrin kan jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń mu gàrí.

“Níbo lo ti jagun rí?” ni sájẹ́ǹtì bi mí.

“Kóńgò, lọ́dún òmìnira! Inú àmù omi àwọn ọ̀tá ni mo ń gbé. Wọ́n ń bu omi lórí mi, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń tú àṣírí ara wọn, mo ń gbọ́. Nígbà tí mo fi jáde, ewé ti hù ní irùngbọ̀n mi. Wọ́n fi mí jẹ kápútẹ́ẹ̀nì láàárọ̀, mo di májò lọ́sàn-án, kí n tó jẹun alẹ́ mo ti di kọ́nẹ́ẹ̀lì. Wọ́n bá rán mi sí Kàdúná. Mo sọ ara mi di kóòtù, mo gbé ara mi kọ́ sínú yàrá ọ̀gá àwọn ológun ibẹ̀. Ó gbé mi wọ̀ lọ sípàdé!”

Ẹnu sájẹ́ǹtì là sílẹ̀. “Obìnrin tó wà nínú lọ́rì yẹn ńkọ́, ọ̀gá?”

Ó ti pè mí ní ọ̀gá! Orí mi wú.

“Ọmọọṣẹ́ mi ni. Kì í ṣe oyún lo rí yẹn. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni.”

Sájẹ́ǹtì na ọrùn wo ikùn Nàfísàt. Àfi bí ẹni pé ọmọ inú gbọ́, ó ta ẹsẹ̀, ìró ìyá rẹ̀ gbọ̀n.

“Ó ń mì!” Sájẹ́ǹtì fò sẹ́yìn.

“Àwọn ọmọọṣẹ́ mi tó wà l'Ékòó ló ń pè. Má fọwọ́ kàn án o, á bú gbàmù!”

Nàfísàt fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láàárín eyín. “Bàbá Súlìyát, bí mo bá bímọ sínú lọ́rì yìí, Irọ́pọ̀ ni màá sọ ọ́.”

“Kí ló wí?” ni sájẹ́ǹtì bèèrè.

“Ó ní bátìrì ń tán lọ.”

Bí wọ́n ṣe gbé igi sókè nìyẹn. Lọ́rì hó, ó gun orí afárá. Ó ku kí èmi náà fò mọ́ ìdí rẹ̀. Àfi bí sájẹ́ǹtì ṣe na ara gbọnrangandan, tó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí jẹ́nẹ́rà, tí apá kákí rẹ̀ tuntun sì kọjá níwájú imú mi.

Ọwọ́ oníṣòwò aṣọ kì í gbọ́ràn sí ẹni tó ni ín lẹ́nu. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti bá kákí náà lọ. Mo fi àtàǹpàkò ra á wò, mo fa etí rẹ̀ wò, mo tọ́ ọ lá.

“Há! Sítáàṣì ló mú èyí le o. Òjò kan ṣoṣo, á ká dé ìgúnpá. Ta ló tà á fún yín, kọ́sítọ́mà mi? Ẹ bá kúkú wá sọ́dọ̀ mi ní Ochanja, mo ní ògidì tó jẹ́ pé...”

Mo já kákí náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti tú mi fó.

Ọkùnrin abẹ́ máńgòrò gbé abọ́ gàrí rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde. Agbedeméjì ojúgun ni ṣòkòtò rẹ̀ mọ.

“Yẹ̀kínì aláṣọ,” ni ó wí. “Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti ra ṣòkòtò yìí. O búra fún mi pé bí mo bá fi gbogbo Odò Ọya fọ̀ ọ́, kò ní súnkì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi ni èmi. Láti ìgbà tí o ti dé ni mo ti mọ̀ ọ́.”

Sájẹ́ǹtì bú ramúramù. “Ẹ dá lọ́rì padà!”

“Fi wáyálẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ó ti lọ,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń wò mí. “Jẹ́nẹ́rà ni kí o mú.”

Ẹ̀yin ará, mo ju ẹsẹ̀ sí i! Bàtà mi kan kù sí Onitsha, fìlà mi wọ odò, àwọn sójà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lé mi, ìró bàtà wọn ń mi afárá. Atẹ́gùn tó ń ré mi kọjá létí ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Lókè níwájú, Nàfísàt nawọ́ jáde lẹ́yìn lọ́rì, ìrọbí ti mú un, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú, ó ń ké:

“Bàbá Súlìyát, ẹ sáré o! Bátìrì ti tán!”